Fíìmù Tí Ozella Lò Lẹ́ẹ̀mejì

"Thurman, jọ̀ọ́, sọ fún ọmọbìnrin aláṣọ yẹ́lò yẹn kó yẹ̀ fún mi díẹ̀."

Ìyàwó mi ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò lẹ́yìn kámẹ́rà. Mo wo iwájú rẹ̀. Mo rí okùn tí wọ́n ta gba àárín ilé títa tábà náà kọjá, àwọn òyìnbó lápá kejì, àwa ènìyàn dúdú lápá tiwa, àti ọlọ́pàá kan tó fara ti òpó tó ń nu òógùn ọrùn. Ṣùgbọ́n láàárín Ozella àti pèpéle tí Lonzo Pruitt ti ń kọrin, ilẹ̀ pákó lásán ló wà. Níbi gbogbo yòókù, àwọn èèyàn fún mọ́ra débi pé ẹ ò lè ju abẹ́rẹ́ sáàárín wọn, síbẹ̀ kò sí ẹni tó bọ́ sójú ibi kékeré yẹn. Wọ́n ń jó yí i ká.

"Ọmọbìnrin wo?" mo ní.

"Èyí tó kọ ẹ̀yìn sí mi yìí."

"Ozella, kò séèyàn níbẹ̀."

Ó gbé ojú sókè, ó wò ó, ó sì fapá nu iwájú orí. "Ó ti lọ. Gbé gílóòbù wá."

Mo gbé e fún un. Ó lá ìdí rẹ̀ kí iná lè gbà á dáadáa, bó ṣe máa ń ṣe, ó tì í bọ inú ihò rẹ̀ lórí kámẹ́rà, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Èmi náà gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ooru mú, ariwo pọ̀, ta ló fẹ́ máa ka ẹni tó wọ yẹ́lò?

Oṣù keje ọdún 1956 ni, ní ìlú Wilson wa níbí, ní North Carolina. Ọjà tábà kò tíì ṣí nígbà náà, nítorí náà ilé ńlá tí wọ́n ti ń tà á ṣófo, àwọn tó ń kó olórin káàkiri sì háyà rẹ̀ fún ijó rọ́kì-ń-rólù. Òórùn ewé kì í kúrò lára ògiri ibẹ̀. Bí ijó bá ti gbóná tí eruku ilẹ̀ gbéra, gbogbo wa á máa sín bí ẹni tó fín áṣáà, dúdú àti funfun, kò sí okùn tó dá ìyẹn dúró.

Bí mo bá ń fọ́nnu nípa ìyàwó mi, ẹ má bínú, mo ní ẹ̀tọ́ sí i. Ozella ń se oúnjẹ nílé ìwé àwọn ọmọ wa láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ti ogun dé ló ti ra kámẹ́rà rẹ̀ ní àlòkù, ohun tó wúwo bíi bíríkì. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó rán an. Àwọn onífọ́tò tó ní ṣọ́ọ̀bù nílùú ní ariwo lásán ni orin náà, pé kò ní pẹ́ parẹ́. Ozella ní bó bá máa parẹ́, ó yẹ kí òun tètè yà á nìyẹn. Ọgbọ́n tirẹ̀ ni pé kì í ya olórin nígbà tó bá lanu. Ìgbà tí ẹni náà bá ń fa èémí sínú kó tó kọrin ló máa ń yà á. Tí ẹ bá wo fọ́tò rẹ̀, ẹ óò máa retí ohùn. Mo ti wo àwọn kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ṣì ń retí.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé àpò gílóòbù. Gílóòbù kan, fọ́tò kan. Bó bá ti tàn lẹ́ẹ̀kan, ó ti jóná nìyẹn, ó sì gbóná bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi híhó. Ozella á yọ ọ́, á sọ ọ́ sínú àpò kóòtù mi láìwẹ̀yìn.

"Kóòtù tí mo fi gbé ọ níyàwó rèé, Ozella, ó ti lu tán."

"Ohun àjọni ni. Dúró dáadáa."

Ọjọ́rú tó ṣáájú ijó Ọjọ́ Ẹtì yẹn la sin Verdell Hargrove. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tábà kan náà, ó wà lára àwọn obìnrin tó ń fa igi àárín ewé yọ. Ibà kan tó ṣe é ní kékeré ló ba ọkàn rẹ̀ jẹ́, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ jó. Ìyá rẹ̀, Arábìnrin Icie, tún wá fi ti ṣọ́ọ̀ṣì lé e. Ìyá ìjọ ni, lójú tirẹ̀ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ilé ijó àti ọ̀run àpáàdì jọ ní. Verdell kì í bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lu ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì, á sì máa da ìbéèrè bò mí.

"Bọ̀dá Thurman, ṣé lóòótọ́ ni pé Lonzo Pruitt máa ń fẹsẹ̀ ti àga dànù tó bá ń tẹ dùùrù?"

"Lóòótọ́ ni."

"Kì í ba ẹnikẹ́ni?"

"Ẹni tó bá bà kì í bínú."

Á rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ìgbà ló máa ń fọwọ́ bo ẹnu tó bá ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó jí ẹ̀rín náà gbé.

Nínú oṣù kejì ọdún yẹn, ilé wọn ti jóná. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n gbogbo fọ́tò tí wọ́n ní bá iná lọ. Nígbà tí Verdell wá lọ lójijì lórí ibùsùn rẹ̀, kò sí ojú rẹ̀ lórí bébà kankan láyé yìí. Àwa níbí máa ń ya òkú nínú pósí, kí àwọn ará wa tó wà lápá àríwá ní Newark àti Philadelphia lè rí ẹni wọn tí wọn ò bá lè wálé. Ẹ̀gbọ́n Verdell ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ológun ní Germany, kò sì lè dé. Arábìnrin Icie di ọwọ́ Ozella mú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ya gbogbo fíìmù náà tán," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. "Má ṣẹ́ ọ̀kan kù. Mi ò fẹ́ gbàgbé bí imú rẹ̀ ṣe rí."

Ogún fọ́tò ló wà nínú fíìmù kan. Ozella ya ogún. Verdell sùn sínú aṣọ yẹ́lò kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, tí kò sọ fún ìyá rẹ̀ ibi tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Ìyá rò pé ti Ọdún Àjíǹde ni. Èmi mọ ibi tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ, mo sì pa ẹnu mọ́.

Ní Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, a fi kúbùsù bo fèrèsé kíṣìnnì láti fọ fíìmù. Mẹ́rin ló yẹ kí ó jẹ́: ọ̀kan ti ìsìnkú, mẹ́ta ti ijó. Ozella to agolo fíìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì, ó gbé ọ̀kan, ó wò ó, ó sì fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Thurman, a ò tíì lo èyí."

"Báwo la ò ṣe ní tíì lò ó? Ìṣojú mi lo ti yà wọ́n."

Ó fi ẹnu agolo náà hàn mí. Ahọ́n kékeré kan wà tó máa ń yọ jáde lẹ́nu agolo fíìmù. Bí Ozella bá ti lo fíìmù tán, ó máa ń fi eyín gé ahọ́n yẹn, kó lè mọ èyí tó lò yàtọ̀ sí tuntun. Ní Ọjọ́rú, ẹkún ló ń sun. Ó ká fíìmù ìsìnkú náà padà, ó sọ ọ́ sínú àpò láàárín àwọn tuntun, kò gé e. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ó ki ọwọ́ sínú àpò náà, ó mú èyí tọ́wọ́ rẹ̀ bà, ó sì ya Lonzo Pruitt lé Verdell lórí.

Ozella fi ẹ̀yìn ti sítóòfù, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú kan ṣoṣo tí ọmọ yẹn ní láyé, inú fíìmù yẹn ló wà. Mo ti rí Ozella tó ń sunkún rí, ṣùgbọ́n mi ò rí i kó máa sunkún láìgbé ohùn jáde bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"A lè sọ pé ìmọ́lẹ̀ ló wọ inú rẹ̀," mo ní. "Ó máa ń ṣẹlẹ̀."

"Kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí."

"Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi." Ó dìde, ó fọ ojú rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi. "Mo máa fọ̀ ọ́. Bí imú rẹ̀ bá yọ nínú ọ̀kan péré, màá mú un lọ fún wọn."

A fọ̀ ọ́, a sá a lórí okùn, a dúró kó gbẹ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbé ẹ̀rọ tí mo fi agolo kọfí àti gíláàsì kámẹ́rà àtijọ́ kan ṣe fún un jáde, èyí tó máa ń sọ fọ́tò di ńlá. Ozella ti bébà àkọ́kọ́ bọ inú abọ́ omi oògùn lábẹ́ iná pupa. Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ lé e lórí.

Pósí ló kọ́kọ́ yọ. Aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀ tàn káàkiri òkè orí àwọn tó ń jó, òdòdó ń bẹ níbẹ̀, ọwọ́ pásítọ̀ pẹ̀lú Bíbélì ń bẹ níbẹ̀. Mo rí ìrọ̀rí. Kòtò tí orí tẹ̀ sínú ìrọ̀rí wà láàárín rẹ̀ gan-an, kedere. Orí kò sí.

"Iná ijó ló pa á rẹ́," mo ní.

"Iná tó pa orí rẹ́, tó fi kòtò orí sílẹ̀?" Ozella fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ fọ́tò náà. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ gan-an. "Wo ibí."

Lẹ́bàá ògiri, lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọbìnrin kan dúró, ó kó ọwọ́ lé àyà, bí àlejò tí wọn ò tíì ní kó jókòó. Kọ́là aṣọ rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n, torí pé ó ti bi mí léèrè lẹ́nu iṣẹ́ bí kọ́là bẹ́ẹ̀ ṣe máa rí lọ́rùn òun. Ozella ti bébà kejì bọ omi.

Nínú ìkẹta, Verdell ti kúrò lẹ́bàá ògiri. Nínú ìkarùn-ún, ó wà láàárín àwọn ènìyàn wa, ó kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà, àyè kékeré kan yí i ká. Nínú ìkẹjọ, ó wà lódì kejì okùn, láàárín àwọn òyìnbó, apá rẹ̀ méjèèjì nà sókè, ọlọ́pàá sì ń wo ibòmíràn. Mo kí i fún ìyẹn nínú ọkàn mi, ẹ̀rù tó ń bà mí kò dí mi lọ́wọ́. Nínú ìkejìlá, ó gbé ọwọ́ lé dùùrù. Lonzo Pruitt yíjú sí i, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wá rántí pé ní ọjọ́ ijó, ọkùnrin náà dédé dá orin dúró láàárín, ó wo ibi tí kò sí nǹkan kan, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fẹsẹ̀ ti àga rẹ̀ dànù. A pàtẹ́wọ́ fún un. A rò pé ara eré ni.

Ìkẹtàdínlógún ni mi ò lè gbàgbé. Bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ Verdell. Irun rẹ̀ ti tú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò kan ilẹ̀, orí rẹ̀ sì yí sẹ́yìn, kò fi ọwọ́ bo ẹnu, gbogbo eyín rẹ̀ ń bẹ níta. Mo ti wo gbogbo fọ́tò tí ìyàwó mi yà láyé rẹ̀. Kò ya èyí tó dára tó o rí, èmi ò sì rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nínú gbogbo wọn, pósí náà wà lókè orí àwọn oníjó, ìrọ̀rí rẹ̀ sì ṣófo.

"Ó ku ìkogún," Ozella ní.

Mo mọ ohun tó ń rò. Ní ọjọ́ ijó, gílóòbù tó kẹ́yìn fíìmù yìí kọ̀, kò tàn, kò sì sí ìmọ́lẹ̀ tó wọnú kámẹ́rà. Èyí túmọ̀ sí pé ìkogún nìkan ni ijó kò fọwọ́ kàn. Ti Ọjọ́rú nìkan ló máa wà níbẹ̀, Verdell nínú pósí rẹ̀ bí gbogbo wa ṣe rí i, láìsí ohunkóhun lórí rẹ̀. Imú tí ìyá rẹ̀ ń wá, ibẹ̀ ló máa wà.

Fọ́tò náà yọ díẹ̀díẹ̀ nínú omi. Arábìnrin Icie ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà dúdú rẹ̀, ó tẹ̀ sínú pósí láti fẹnu ko ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Aṣọ funfun inú pósí mọ́ rekete, ẹ lè ka fọ́nrán òwú inú rẹ̀. Ìrọ̀rí lásán ni ìyá náà bẹ̀rẹ̀ fẹnu kò.

A kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn iṣẹ́, a mú ogún fọ́tò náà lọ sí yàrá tí Arábìnrin Icie ń gbé nílé àbúrò rẹ̀ láti ìgbà tí iná ti jó tiwọn. Lójú ọ̀nà, mo tún ní kó mú díẹ̀ nínú wọn dání, kó tọ́jú ìyókù.

"Ìyá ìjọ ni wọ́n, Ozella. Ilé ijó lo fẹ́ fi ọmọ wọn hàn wọ́n."

"Àwọn ló ní ọmọ wọn. Èmi kàn yà á ni."

Ozella kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn bí ọmọ ilé ìwé, ó ní, "Ẹ̀bi mi ni, mà. Mo lo fíìmù Verdell lẹ́ẹ̀mejì, mi ò mọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ fúnra yín wò ó." Ó to wọn sórí kúbùsù ní ìtẹ̀léra.

Arábìnrin Icie wọ awò rẹ̀. Ó wo ọ̀kọ̀ọ̀kan láìkánjú. Nígbà tó dé orí ìkẹtàdínlógún, ó gbé e lọ sẹ́nu fèrèsé. Mo ti múra sílẹ̀ de ìbínú rẹ̀. Mo ti ń ka ẹsẹ Bíbélì tó máa jù lù wá.

"Eyín rẹ̀ rèé," ó ní. "Èmi ni mo ní kó máa fọwọ́ bò ó. Mo ní ọmọlúàbí kì í ya ẹnu." Ó fi àtàǹpàkò kan fọ́tò náà, lójú imú. "Imú bàbá rẹ̀ ni."

Ó padà wá, ó sì mú ìkogún. Èyí ni mò ń bẹ̀rù. Ó wo ara rẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, òun àti fìlà rẹ̀ àti ìrọ̀rí náà.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ọjọ́rú ni mo ti mọ̀. Ojú mi rí i níbẹ̀, bí ẹ̀yin náà ṣe rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹnu kò ó, aṣọ ni ètè mi bà. Aṣọ tútù. Mo rò pé ìbànújẹ́ ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀, mo sì gbé orí sókè." Ó bọ́ awò rẹ̀. "Thurman, ìwọ wà lára àwọn tó gbé e dé ibojì. Iwájú lápá òsì lo wà. Ṣé ó wúwo?"

Ozella yíjú wò mí. Mi ò tíì sọ ọ́ fún un, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwa mẹ́fà la gbé pósí yẹn. Nígbà tí a gbé e sókè, a fi agbára tó yẹ òkú gbé e, ó sì fò sókè lọ́wọ́ wa débi pé díẹ̀ ló kù kó bọ́. A wo ara wa. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, torí ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn wa. A tẹ orúnkún, a rẹ ejìká sílẹ̀, a sì ń rìn bí àwọn tó ru ẹrù, títí a fi dé ibojì.

"Rárá, mà," mo ní. "Kò wúwo. Pákó nìkan la gbé."

Ó mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ ohun tó ti ń retí fún. Ó mú ìwé tó ń kọ sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Germany, ó fi ọ̀kan tí Verdell ti ń gbé ọwọ́ lé dùùrù sínú rẹ̀. Ìkẹtàdínlógún, ó fi í sáyà. Ìkogún, ó dá a padà fún Ozella.

"Níbo ni ọkùnrin onídùùrù yẹn máa kọrin ní Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀?"

"Goldsboro ni, mà," Ozella ní.

"Ẹ̀ ń lọ?"

"A ń lọ, mà."

"Àyè wà nínú mọ́tò yín?"

Mo wo obìnrin tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ijó rí láyé rẹ̀, tó ti ń fi ọwọ́ gbọn eruku fìlà rẹ̀. Mo ní àyè èèyàn kan wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò gílóòbù.

"Ìyẹn dára fún lílọ," ó ní. "Tí a bá ń bọ̀, ẹ fi àyè ẹni méjì sílẹ̀."